Ó NÍ IWIN TI PÀÀRỌ̀ ÌYÀWÓ ÒUN, LÓ BÁ DÁNÁ SUN ÚN!

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́, kó jẹun tán ná kó tó máa ka eléyìí lọ. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń kà mọ́ oúnjẹ. Ìlú òyìnbó ló ti ṣẹlẹ̀, ní ilẹ̀ Ireland, ní oṣù kẹta ọdún 1895. Ọbabìnrin Victoria ló wà lórí oyè nígbà náà, Victoria kan náà tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ gba Èkó ní 1861. Ọkọ̀ ojú irin ti ń sáré káàkiri, tẹlifóònù ti ń dún, iná mànàmáná ti ń tàn ní ìgboro Lọ́ńdọ̀nù. Ayé ti là, àbí kí la fẹ́ kó tún ṣe?

Nínú ayé tó là yìí ni ọkùnrin kan, Michael Cleary, ti da kẹrosíìnì lé ìyàwó rẹ̀ lórí nínú ilé ara wọn, tó sì jó o pa. Bàbá tó bí obìnrin náà wà nínú ilé. Ọmọ ìyá bàbá rẹ̀ obìnrin wà níbẹ̀. Àwọn ìbátan rẹ̀ ọkùnrin, géńdé tí apá wọn ká ọkùnrin kan ṣoṣo, wọ́n wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó gba obìnrin náà sílẹ̀.

Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀? Ọkọ rẹ̀ ní kì í ṣe òun. Ó ní iwin ti jí ìyàwó òun gbé lọ, iwin mìíràn ni wọ́n sì fi sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì òun.

IWIN ARẸWÀ ÀTI IWIN ABẸ̀RÙ

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ẹ jẹ́ ká mọ irú iwin tá à ń wí, torí ojú méjì ni iwin òyìnbó ní láyé Victoria.

Iwin ti àwọn ará ìgboro Lọ́ńdọ̀nù, iwin arẹwà ni. Àwọn ọlọ́rọ̀ ibẹ̀ fẹ́ràn wọn bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn súìtì. Wọ́n ń yà wọ́n sínú àwòrán, àwọn ọmọge kéékèèké tó ní ìyẹ́ bíi ti labalábá. Wọ́n ń fi wọ́n ṣeré lórí ìtàgé, wọ́n ń kọ ìwé wọn fọ́mọdé. Ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Joseph Noel Paton ya ìjà ọba iwin àti ìyàwó rẹ̀ ní 1849, àwọn iwin tó sì kó sínú àwòrán kan ṣoṣo náà pọ̀ débi pé Lewis Carroll, ẹni tó kọ ìwé Alice, dúró ó kà wọ́n, ó ní wọ́n jẹ́ 165. Ẹni tó ráyè! Òmíràn wà, Richard Dadd. Orí tiẹ̀ ti dàrú, ó pa bàbá rẹ̀ ní 1843, wọ́n sì tì í mọ́ ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ. Ibẹ̀ ló jókòó sí tó fi nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án ya àwòrán iwin kan ṣoṣo, tí àwọn èèyàn ṣì ń rọ́ lọ wò títí di òní.

Ṣùgbọ́n lábúlé Ireland, ẹnikẹ́ni kì í fi iwin ṣàwàdà. Wọn kì í tilẹ̀ẹ́ fẹ́ pe orúkọ wọn. "Àwọn èèyàn rere" ni wọ́n ń pè wọ́n, kì í ṣe pé wọ́n ṣe rere kankan o, ẹ̀rù ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé "àwọn ìyá wa" bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ mọ ohun tí mò ń wí.

Ibi tí wọ́n ní iwin wọ̀nyí ń gbé ni àwọn òkìtì tó rí rìbìtì nínú pápá. Ahoro ilé àwọn ará àtijọ́ ni wọ́n ní tòótọ́, èyí tó ṣì wà nílẹ̀ nínú wọn lé ní 40,000 káàkiri Ireland. Àgbẹ̀ á roko yí òkìtì náà ká, kò ní kan án. Igi ẹlẹ́gùn-ún tó bá hù síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gé e, bí àwọn baba wa ṣe ń bẹ̀rù ìrókò tí olúwéré wà nínú rẹ̀.

Ohun tó wá burú jù níbẹ̀ rèé. Wọ́n gbà pé iwin máa ń jí èèyàn. Ọmọ tuntun, abiyamọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, obìnrin tó rẹwà. Wọ́n á gbé ojúlówó lọ, wọ́n á sì fi ayédèrú sílẹ̀, ojú kan náà, ohùn kan náà. Bí ọmọ tó ń ta kébékébé tẹ́lẹ̀ bá ṣàdédé rọ, tí kò rìn mọ́, tí kò sọ̀rọ̀ mọ́, wọ́n á ní wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Àbíkú tiwa ń lọ ó ń bọ̀. Tiwọn, òru ni wọ́n fi ń ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ìwòsàn rẹ̀ ò sì dára létí: ewé kíkorò, irin gbígbóná, ìtọ̀, iná. Wọ́n ní bí ìyà bá ti tó iwin náà, á gba inú ihò èéfín fò jáde, ẹni wọn á sì padà wálé.

Ẹ má ṣe rò pé àròsọ ìyá arúgbó lásán ni. Ní 1826, wọ́n gbé ìyá àgbàlagbà kan dé ilé ẹjọ́ ní Tralee torí pé ó ri ọmọkùnrin kékeré kan, tí kò lè dìde dúró tí kò sì lè sọ̀rọ̀, sínú odò Flesk ní àárọ̀ mẹ́ta léra wọn. Lọ́jọ́ kẹta ọmọ náà kú. Ìyá ní iwin lòun ń lé kúrò lára rẹ̀, wọ́n sì dá a sílẹ̀. Ní 1884, nílùú Clonmel, wọ́n mú àwọn obìnrin méjì tó gbé ọmọ ọdún mẹ́ta sórí ṣọ́bìrì gbígbóná, ọmọ náà sì jóná gidigidi. Ẹ fi orúkọ Clonmel yìí sọ́kàn, a ṣì máa padà dé ibẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí òǹkàwé kan ti máa rẹ́rìn-ín àwọn òyìnbó báyìí. Kó rọra o. Nílẹ̀ wa níbí, a mọ bí wọ́n ṣe máa ń gé ìka òkú ọmọ tí wọ́n ní àbíkú ni, tí wọ́n á fi abẹ kọ ọ́ lára kó má bàa padà wá, ọmọ tó jẹ́ pé àwọn dókítà òde òní ní fòníkú-fọ̀ladìde ló ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Kò tíì pẹ́ náà, ní 2008, tí Ìpínlẹ̀ Akwa Ibom fi ṣòfin pé ẹni tó bá pe ọmọdé ní àjẹ́ ti ṣẹ̀ sí òfin, nígbà tí àwọn ọmọ tí wọ́n lé jáde nílé ti pọ̀ lójú títì.

TÉLỌ̀ ONÍ-SINGER

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé Ballyvadlea. Abúlé kékeré ni, ní agbègbè Tipperary, kò jìnnà sí Clonmel. Ibẹ̀ ni Bridget Boland ti wá, ọmọ Patrick Boland tó jẹ́ lébìrà. Bridget lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Clonmel, níbẹ̀ ló ti pàdé Michael Cleary tó ń kan àgbá onípákó, àwọn àgbá tí wọ́n fi irin dè nídìí tí wọ́n fi ń rọ nǹkan. Wọ́n fẹ́ra wọn ní 1887.

Bridget kì í ṣe obìnrin tó ń fọwọ́ lẹ́rán. Ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ Singer tirẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ohun tí Singer jẹ́ nílé télọ̀ láyé àtijọ́, ẹ mọ̀ pé ilé tó bá ní in kì í ṣe ilé ìṣẹ́. Ó ń rán aṣọ, ó ń ṣe àkẹtẹ̀ fáwọn obìnrin, ó tún ń sin adìẹ, ó ń ta ẹyin. Ó gbáfẹ́, ó mọ aṣọ wọ̀. Ọkọ rẹ̀ náà kì í ṣe ọ̀lẹ, ó mọ̀wé kà, ó mọ̀wé kọ. Ilé tí wọ́n ń gbé pẹ̀lú bàbá Bridget wà lára àwọn ilé tuntun tí wọ́n kọ́ fún àwọn lébìrà, ó gbayì ju ọ̀pọ̀ ilé tó yí i ká lọ. Ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé orí ilẹ̀ iwin ni wọ́n kọ́ ilé náà sí.

Nígbà tó fi máa di 1895, wọ́n ti fẹ́ra wọn lé ní ọdún méje, ọmọ ò sí. Bridget jẹ́ ọmọ bíi 26 ọdún. Obìnrin tí kò bímọ, tó ní owó ara rẹ̀, tó ń mú oge ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ǹjẹ́ mo tún gbọ́dọ̀ sọ fún yín bí ojú ṣe máa ń wo irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lábúlé?

Ní Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, Bridget kó ẹyin lọ sí ilé Jack Dunne, ìbátan bàbá rẹ̀ kan. Ọ̀nà ibẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ òkìtì Kylenagranagh, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí òkìtì iwin. Bàbá náà ò sí nílé, òtútù sì mú. Nígbà tí Bridget máa fi padà délé, ara rẹ̀ ti ń gbọ̀n, orí ń fọ́ ọ. Kò tún gbádùn mọ́.

Bàbá rẹ̀ fẹsẹ̀ rìn lọ pe dókítà, dókítà ò yọjú. Ọkọ rẹ̀ tún lọ, ó pààrà títí. Ọjọ́ kẹtàlá ni dókítà tó wá. Ó ní ọ̀fìnkìn tó wọ àyà díẹ̀ ni, pẹ̀lú pé ọkàn obìnrin náà ò balẹ̀, ó kọ oògùn fún un. Fádà náà wá lọ́jọ́ yẹn, ó fi òróró yàn án bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ẹni tó ń ṣàìsàn.

Àmọ́ kí dókítà tó dé ni Jack Dunne ti wá kí aláìsàn. Ẹni tó gbówọ́ nínú ìtàn iwin ni bàbá yìí, òun ni wọ́n ń bi bí nǹkan bá rú wọn lójú. Ó wo Bridget lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Èyí kì í ṣe Bridget Boland."

Ọ̀rọ̀ kan péré. Ọ̀rọ̀ àgbà ni o! Bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ báyìí, kò ṣeé kó mọ́. Ọkọ náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú ojú mìíràn. Ó ní ó ga ju ìyàwó òun lọ ní íńṣì méjì. Ó ní ó tún rẹwà jù ú lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo Michael yìí dáadáa. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, ó wá dókítà, ó wá fádà, ó tún wá oníṣègùn. Ó lọ gba ewé lọ́wọ́ adáhunṣe kan tó ń jẹ́ Denis Ganey. Ta ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nínú wa bí ìdààmú bá dé? Èmi ò lè torí èyí sọ òkò lù ú. Ibi tó gbé e gbà lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ wà.

"ṢÉ ÌWỌ NI BRIDGET?"

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá. Aládùúgbò wọn kan, William Simpson, àti ìyàwó rẹ̀ wá kí aláìsàn, wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì, ariwo ń sọ nínú ilé. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún wọn, ohun tí wọ́n bá nínú yàrá ni wọ́n wá rò ní kóòtù. Jack Dunne di obìnrin náà mú lórí. Àwọn ọmọ Kennedy, ìbátan rẹ̀, wọ́n di apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ọkọ rẹ̀ ń fi ṣíbí rọ ewé tí wọ́n sè pẹ̀lú wàrà sí i lẹ́nu, ó ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ̀ kó má bàa pọ̀ ọ́. Wọ́n da ìtọ̀ sí i lára. Wọ́n ń mì ín, wọ́n ń pariwo pé kí iwin náà máa lọ, kí Bridget máa bọ̀.

Ọkọ rẹ̀ wá ń bi í, ní orúkọ Ọlọ́run, bóyá òun ni Bridget Boland, ìyàwó Michael Cleary. Bàbá rẹ̀ náà bi í bóyá ọmọ òun ni.

Ó dáhùn. Ó ní òun ni.

Wọ́n tún bi í. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó gbọ́dọ̀ dáhùn o. Wọ́n gbé e láti orí bẹ́ẹ̀dì lọ síbi iná nínú yàrá ìdáná, wọ́n gbé e dúró lókè iná náà, wọ́n tún ń bi í. Ó dáhùn.

Ibí yìí ló máa ń dí mi lọ́nà nínú ìtàn náà, ẹ̀yin èèyàn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi hàn pé ẹ̀yin lẹ̀yin, kí lẹ máa mú wá? Orúkọ yín? Iwin mọ̀ ọ́n. Ojú yín? Iwin ti gbé e wọ̀. Bẹ́ ẹ bá bínú, wọ́n á ní iwin ló ń bínú. Bẹ́ ẹ bá sunkún, iwin ń sunkún. Bẹ́ ẹ bá dákẹ́, ó ti tán. Kò sí ìdáhùn tó lè gba èèyàn sílẹ̀ nínú irú ìbéèrè yẹn, ẹni tó ń béèrè nìkan ló lè pinnu ìgbà tó bá tẹ́ òun lọ́rùn.

Ní bíi ọ̀gànjọ́, wọ́n dá a padà sórí bẹ́ẹ̀dì, ó dà bí ẹni pé ọkàn wọn balẹ̀. Alẹ́ yẹn kan náà ni ìròyìn dé pé bàbá Michael kú. Àwọn mìíràn nínú ilé bọ́ sọ́nà, ó di ilé òkú. Michael fúnra rẹ̀ ò lọ. Ó ní òun ò ní fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ tí kò lọ síbi òkú bàbá rẹ̀! Ẹ̀yin náà ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ yìí ti gba ọkàn rẹ̀ tó.

ALẸ́ JÍMỌ̀

Láàárọ̀ Jímọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, fádà wá ṣe Máàsì nínú ilé náà gan-an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó parí, ó lọ, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóru. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Bridget dìde, ó wọ aṣọ rẹ̀ tó dára, ó wá jókòó níwájú iná láàárín àwọn èèyàn. Wọ́n ń mu tíì. Ẹni tó bá wọlé nígbà yẹn, á ní ara aláìsàn ti yá.

Owó ṣílè kan ló dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n ra wàrà lọ́wọ́ ìbátan rẹ̀, Johanna Burke. Nígbà tí Bridget fẹ́ fún un ní ṣílè rẹ̀, wọ́n ní ó fi owó náà ra abẹ́ aṣọ ìbora rẹ̀ ná. Àwọn tó mọ àṣà ìlú náà mọ̀ pé oògùn ni irú èyí lójú wọn. Bridget ní òun ò ṣe nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn. Ọkọ tún mú ọ̀rọ̀ iwin wá, Bridget, tí ọ̀rọ̀ náà ti sú, dá a lóhùn pé ìyá rẹ̀ ló máa ń bá iwin rìn.

Ẹ wo obìnrin tí wọ́n gbé lókè iná lánàá! Ẹnu rẹ̀ ò kú síbẹ̀.

Michael mú búrẹ́dì wá, ó fi jáàmù ra á, ó gé e sí mẹ́ta. Ó ní kó jẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó sì máa dáhùn orúkọ rẹ̀ kó tó jẹ ẹ́. Ó dáhùn lẹ́ẹ̀mejì, ó jẹ méjì. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò tètè dáhùn.

Mi ò mọ̀ bóyá ó rẹ̀ ẹ́ ni, mi ò mọ̀ bóyá ó kọ̀ ọ́ ni. Èmi ì bá kọ̀ ọ́.

Ohun tí Johanna Burke sọ ní kóòtù rèé. Ó ní Michael là á mọ́lẹ̀, ó fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ láyà, ó ń ti búrẹ́dì bọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun. Ó bọ́ aṣọ lára rẹ̀ ku péńpé, ó fa igi iná láti inú ààrò, ó gbé e sún mọ́ ẹnu rẹ̀. Aṣọ tó kù lára rẹ̀ gbiná. Ló bá gbé fìtílà, ó da kẹrosíìnì inú rẹ̀ lé e lórí.

Àwọn ìbátan wà nínú yàrá kejì, wọ́n ń kígbe. Michael ti ti ilẹ̀kùn ìta, kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀. Ó ní kì í ṣe Bridget ni, ó ní kí wọ́n máa wò ó, láìpẹ́ wọ́n á rí i tó máa gba ihò èéfín jáde.

Kò gba ibì kankan jáde. Nígbà tí ilẹ̀ ń lọ mọ́, Michael àti Patrick Kennedy, ọ̀kan nínú àwọn ìbátan náà, wé òkú sínú aṣọ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbé e lọ sínú ẹrẹ̀ tí kò jìnnà sílé, wọ́n sin ín sínú kòtò tí kò jìn.

ẸṢIN FUNFUN

Michael wá ń sọ káàkiri pé ìyàwó òun ti bá iwin lọ. Ó ní ó wà ní òkìtì Kylenagranagh, àti pé ó máa gun ẹṣin funfun jáde níbẹ̀ lóru, bí òun bá sì lè fi ọ̀bẹ oníkùkù dúdú gé okùn tí wọ́n fi dè é mọ́ gàárì, ó ti di tòun padà nìyẹn. Ó mú ọ̀bẹ, ó lọ. Òru mẹ́ta ló fi ṣọ́ ibẹ̀.

Àwọn kan ní ẹ̀tàn ni, pé ó ń wá ohun tó máa sọ fún ọlọ́pàá ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì tó sun ún, ó ti lọ síwájú pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì Drangan, ó ń sunkún bí ọmọdé, Jack Dunne wà pẹ̀lú rẹ̀. Fádà fura, ó sọ fún ọlọ́pàá. Lójú tèmi, ọkùnrin yìí mọ̀ pé òun ti pa ìyàwó òun, kò sì mọ̀ ọ́n. Mejèèjì wà nínú orí kan náà.

Lọ́jọ́ kejìlélógún oṣù náà, ọlọ́pàá hú òkú jáde. Ó ku ìbọ̀sẹ̀ dúdú lẹ́sẹ̀ rẹ̀ àti yẹtí góòlù létí. Àwọn ọlọ́pàá náà ló padà sin ín ní Cloneen, ẹbí kankan ò yọjú.

KÓÒTÙ CLONMEL

Oṣù keje ni ẹjọ́ náà wáyé ní Clonmel, ìlú tí Bridget ti kọ́ṣẹ́. Johanna Burke jẹ́rìí fún ìjọba. Wọ́n dá Denis Ganey oníṣègùn sílẹ̀, torí kò sí nínú ilé rárá. Wọn ò dá ẹjọ́ Michael bí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ pànìyàn, wọ́n ní ó pa á láìní in lọ́kàn tẹ́lẹ̀, adájọ́ William O'Brien sì sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n 20 ọdún pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekára. Patrick Kennedy tó bá a sin òkú gba ọdún 5. Jack Dunne gba ọdún 3. Àwọn ọmọ Kennedy méjì gba ọdún kan àtààbọ̀. Ọmọ Kennedy kejì tó ṣẹ́kù àti Patrick Boland, bàbá Bridget, oṣù 6 péré. Wọ́n ní kí ìyá àwọn Kennedy máa lọ sílé.

Ìwé ìròyìn gbé ọ̀rọ̀ náà kiri. Nígbà yẹn, àwọn ará Ireland ń bèèrè pé kí Ìlú Ọba jẹ́ káwọn máa ṣe ìjọba ara àwọn. Àwọn tí kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ rí ohun tí wọ́n máa sọ: ṣé ẹni tó ń sun ìyàwó torí iwin ló máa ṣèjọba? Kódà, ìwé ìròyìn kan láàárín àwọn ará Ireland fúnra wọn kọ ọ́ pé láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní gúúsù Áfíríkà pàápàá, èèyàn ò ní retí irú nǹkan báyìí. Ẹ gbọ́ o! Òyìnbó pa òyìnbó, ojú sì ń ti wọn nítorí pé ó jọ iṣẹ́ wa. Àwọn kan náà yìí ni wọ́n ń fi ọkọ̀ kó míṣọ́nnárì wá sílé wa.

Ìwé púpọ̀ ni wọ́n ti kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èyí tó lókìkí jù ni ti Angela Bourke, ọmọ Ireland, ní 1999. Ó yẹ gbogbo rẹ̀ wò, ilé tuntun náà, Singer náà, àìrọ́mọbí, owó ẹyin. Ẹni tó bá ka gbogbo èyí tán, á rí i pé kò sí ohun tí iwin ṣe nínú ọ̀rọ̀ náà tí ọkọ tó ń bínú, àgbà tó lẹ́nu àti ẹbí tó ń bẹ̀rù ò lè dá ṣe. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí iwin, kí ni ọkọ náà ì bá sọ tí àwọn tó kù á fi di obìnrin náà mú fún un?

Michael Cleary ṣẹ̀wọ̀n ọdún 15. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní oṣù kẹrin 1910. Ó kọjá sí Liverpool, nígbà tó sì di oṣù keje ọdún yẹn, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Montreal ní Kánádà. Níbẹ̀ ni ipasẹ̀ rẹ̀ ti parẹ́.

Ọ̀rọ̀ bàbá Bridget ni kò tíì kúrò lọ́kàn èmi. Bàbá tó bi ọmọ rẹ̀ bóyá ọmọ òun ni, tí ọmọ ní bẹ́ẹ̀ ni, tí wọ́n sì tún gbé e lọ síbi iná lójú rẹ̀. Oṣù 6 ni wọ́n fún un. Lọ́fíìsì wa níbí, ẹnu ò kò lórí rẹ̀. Àwọn kan ní ó kéré jù, àwọn kan ní bàbá náà ti gba ìdájọ́ tirẹ̀ lálẹ́ Jímọ̀ yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kọ lẹ́tà sí wa, kí lẹ rí sí i?